Alabama Fẹsẹ̀ Tẹ Láísẹ́ǹsì Vernell

Ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ ìbí ènìyàn gan-an ni láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ̀ máa ń kú. Ó dájú pé ẹni tó ṣe òfin yìí, ìyá rẹ̀ kò ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí fún un rí. Ọjọ́ tó yẹ kí ènìyàn jókòó sílé kí wọ́n máa kí i kú oríire, ọjọ́ náà ni yóò lọ tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì ìjọba, tí yóò dúró gbagidi síwájú ògiri funfun kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni tó jí adìẹ gbé.

Vernell Tolbert kò bá ìyẹn jà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí. Ó ti fi ìpara kun ètè, ó ti wọ yẹtí tí ọkọ rẹ̀ rà fún un, ó sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀ lórí ìlà. Obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni, mọ́tò wíwà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Ní Garnet, ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé, kò sí ọkọ̀ èrò, kò sí takisí. Ẹni tí kò ní mọ́tò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀, ẹsẹ̀ aláìsàn kò sì lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn arúgbó tó ń gbé lọ gbé bọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bàbá kan wà, Mista Womack, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn di bẹ́líìtì mọ́ òun.

Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì gíga náà lẹ èékánná gígùn aláwọ̀ ewé mọ́ ìka. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó dúró, ó tún un tẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ò gbà á, mà."

"Kí ni ò gbà? Owó ni àbí fọ́tò?"

"Rárá, mà. Alabama ni."

"Alabama bíi ti báwo?"

"Wọ́n ti fẹsẹ̀ tẹ láísẹ́ǹsì yín. Wọ́n ní ẹjọ́ kan wà lọ́hùn-ún tẹ́ ò wá jẹ́. Àfi tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, a ò lè fún yín ní tuntun níbí."

"Ohio nìyí o, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà."

"Mi ò gbé Alabama rí láyé mi. Bàbá mi la lọ sin níbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn."

Ọmọbìnrin náà tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó lójú àánú. "Wọ́n ní ẹ kọjá iná pupa."

"Ẹ̀yìn òkú ni mo wà!" Vernell wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ẹ̀yìn òkú bàbá mi ni mo wà!"

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí fìlà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣí i. Ọmọbìnrin náà ní àwọn kò lè ṣe nǹkan kan, kí ó pe Alabama, kí ó bẹ̀ wọ́n; ó ní láísẹ́ǹsì ọwọ́ rẹ̀ yìí ṣì lè gbé e délé, nítorí òní kò tíì parí. Nígbà tí Vernell dé ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹ̀kọ́ ilé. "Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, mà!"

Òórùn ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi eegun ẹlẹ́dẹ̀ sè ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ nílé. Ìyá rẹ̀, Màmá Oralee, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wà nídìí iná láti òwúrọ̀. Ó ti yan búrẹ́dì àgbàdo, ó ti fi súgà sísun bo kéèkì lórí, adìẹ sì wà nínú iyọ̀ tó ń dúró de òróró gbígbóná. Sisita Dot Peebles, aládùúgbò tó ń gbé òdìkejì títì, jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú kọfí bó ṣe máa ń jókòó lójoojúmọ́. Lavelle, ọkọ Vernell, kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń ka bébà ìròyìn níbi fèrèsé.

Sisita Dot ti gbé orin ọjọ́ ìbí sẹ́nu kó tó rí ojú Vernell. Orin náà kú sí i lẹ́nu.

"Wọn ò fún mi," Vernell wí, ó ju báàgì rẹ̀ sórí àga.

"Wọn ò fún ẹ ní kí ni?" Màmá Oralee béèrè.

"Láísẹ́ǹsì, Màmá. Alabama ti fẹsẹ̀ tẹ ẹ́. Ẹ rántí ọlọ́pàá ọjọ́ tá a sin Dádì?"

"Ọmọ kékeré yẹn! Tí irùngbọ̀n ò tíì rọ́nà hù lágbọ̀n ẹ̀!" Màmá Oralee fi ṣíbí igi lu etí ìkòkò. "Ṣé ìyẹn ò tíì tán ni?"

Lavelle ṣí bébà rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn.

"Mo sọ nígbà yẹn," Sisita Dot bẹ̀rẹ̀. "Mo ní ẹni tó bá ń lọ sí Gúúsù bíi Alabama kó rọra."

"Dot, o ò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, Màmá, ṣùgbọ́n mo gbọ́."

"Ohun tó o gbọ́ nìyẹn. Èmi ohun tí mo rí ni mò ń sọ." Ìyá àgbà náà yíjú sí wọn, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ti mọ̀, nítorí ọ̀ràn tó bá dunni kì í tó sọ lẹ́ẹ̀kan. Tull's Crossing ní Alabama ni wọ́n ti bí ọkọ rẹ̀, Hosea. Ohio ló ti ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n gbé òun lọ sùn ti ìyá òun. Wọ́n gbé e lọ. Mista Threadgill, tó ń ṣe òwò ìsìnkú níbẹ̀, gbé mọ́tò dúdú gígùn wá fún opó, Màmá Oralee sì kọ̀, ó ní òun kò ní jókòó sórí omijé ẹlòmíràn. Mọ́tò Vernell ló wọ̀. Wọ́n tẹ̀ lé mọ́tò òkú láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí itẹ́ òkú. Mọ́tò òkú kọjá iná, iná yí padà sí pupa, Vernell sì ń bá a lọ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, nítorí a kì í já tẹ̀lé-tẹ̀lé òkú sí méjì. Àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ lódìkejì ti dúró. Àwọn àgbà ọkùnrin ti ṣí fìlà lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá náà ti bọ́ sílẹ̀.

"Ó ní iná iwájú mọ́tò wa, tí wọ́n fi ń mọ àwọn tó ń tẹ̀ lé òkú, ò tàn," Vernell wí. "Ó ní báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé mo wà lára wọn. Mo ní ọwọ́ mi yìí ni mo fi tan iná náà. Mo búra fún un níbẹ̀."

"Èmi náà búra," Màmá Oralee wí. "Ọmọ mi ń sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran."

"Ìwé ẹjọ́ tó fún ẹ ńkọ́?" Sisita Dot béèrè. "Níbo lo gbé e sí?"

"Mista Threadgill gbà á."

Ní Tull's Crossing, ẹni tó ń sin òkú rẹ̀ kì í fọwọ́ kan nǹkan kan títí yẹ̀pẹ̀ yóò fi bo pósí. Onísìnkú ló ń dáwọ́ lé gbogbo rẹ̀: òun ló ń fún oníwàásù ní tirẹ̀, òun ló ń wá ibi jíjókòó fún àlejò, kódà òun ló ń so okùn bàtà opó. Nígbà tí Mista Threadgill rí ìwé lọ́wọ́ Vernell, ó nawọ́, ó ní, "Ọmọ Hosea, a kì í di ìwé mú lọ́jọ́ tá a ń sin bàbá ẹni. Gbé e wá." Vernell fún un, kò sì rò ó mọ́. Ta ni yóò tún béèrè ohun tí onísìnkú bá ti gbà?

"Wàhálà ni o," Sisita Dot wí. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà, ìpínlẹ̀ Indiana ló fẹsẹ̀ tẹ tiẹ̀. Wọ́n ní títí di òní, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́ nínú yìnyín. Ọkùnrin àádọ́ta ọdún! Wọ́n ní—"

"Dot, mu kọfí ẹ kó má tutù," Màmá Oralee wí.

Vernell gbé fóònù sáàárín tábìlì, ó sọ ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó sì pe kóòtù Tull's Crossing. Obìnrin tó gbé e ní ohùn dídùn, irú èyí tí wọ́n ń fi oyin pò ní Gúúsù.

"Nǹkan kékeré nìyẹn, ọmọ mi. Ẹ sanwó ìtanràn lórí fóònù níbí, ẹ sọ fún mi pé ẹ jẹ̀bi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, Ohio á ti rí i pé a ti gbẹ́sẹ̀ kúrò."

"Bí mo bá ní mi ò jẹ̀bi ńkọ́, mà?"

"Á jẹ́ pé ẹ máa wá sọ ọ́ níwájú adájọ́ fúnra yín. Láàárọ̀ ọ̀la ló ń jókòó. Bí ẹ ò bá bá tọ̀la, ó di oṣù tó ń bọ̀."

"Kí ni kí n fi wá, mà? Ẹ̀yin náà lẹ ní n má wakọ̀."

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí n béèrè, ọmọ mi."

Ẹ wo ọgbọ́n àwọn tó ń ṣèlú. Wọn á gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, wọn á ní kó rìn wá gbà á. Ẹni tó bá lówó tó bá lóyè, agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò lọ dúró fún un, òun á wà nílé tí yóò máa jẹ kéèkì. Tálákà ni wọ́n ń sọ fún pé kó yára jẹ̀bi, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ìpínlẹ̀ méjì kò lè jọ tún títì kan ṣe, ṣùgbọ́n bó bá di ti láísẹ́ǹsì obìnrin kan, kíá ni wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn.

Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni ìpè ọ̀gá Vernell níbi iṣẹ́ wọlé. Vernell ṣàlàyé bó ṣe rí fún un; ọkùnrin náà kò burú. Ó ní òun á fi ẹlòmíràn sídìí bọ́ọ̀sì títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí láísẹ́ǹsì kò bá sí lọ́wọ́ Vernell lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni náà ni yóò máa wà á lọ.

Lavelle gbé bébà sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. "Sanwó, Vernell."

"Kí n ṣe kí ni?"

"O gbọ́ mi. Sanwó, sọ pé o jẹ̀bi, kí wọ́n jẹ́ ká rímú mí. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Ta ni mo fẹ́ bá ṣọ̀rẹ́ ní kóòtù?"

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni! 'Mo jẹ̀bi.' Á jáde lẹ́nu ẹ, á tán. Owó tí mò ń mú wálé nìkan ò lè gbé ilé yìí, ìwọ náà mọ̀."

"Mo jẹ̀bi kí ni, Lavelle? Sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́. Pé mo tẹ̀ lé bàbá mi dé ibi tí wọ́n sin ín sí? Pé n kì í ṣe ẹni tó lè fi òkú sílẹ̀ kí n máa wojú iná?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ gan-an nìyẹn! Ìwọ náà sì ń bá wọn sọ ọ́!"

"Èmi ń wí ká lè jẹun lóṣù tó ń bọ̀!"

"Jẹun, ta ló ní kó o má jẹun? Ẹ̀fọ́ nìyẹn lórí iná!"

Sisita Dot wo ibi, ó wo ọ̀hún, ọrùn rẹ̀ kò sì sinmi. Màmá Oralee da adìẹ sínú òróró, ariwo òróró gba ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó mọ Lavelle. Èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó kan bàbá rẹ̀ ni, òun náà fẹ́ràn bàbá náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Vernell fa fóònù sọ́dọ̀. Ó pe ilé ìsìnkú Threadgill. Ọmọ bàbá náà obìnrin, Jerusha, ló gbé fóònù, òun ló sì sọ fún wọn pé bàbá òun ti lọ láti ìgbà òtútù tó kọjá.

"Áà," Màmá Oralee wí. "Ẹni tó ń sin wọ́n náà lọ."

"Ṣùgbọ́n ó lọ sí kóòtù nítorí ìwé yín o," Jerusha wí. "Mo rántí. Adájọ́ ní kì í ṣe òun ló wakọ̀, kí ẹni tó wakọ̀ wá fúnra ẹ̀. Inú bí Dádì débi pé kò jẹun. Ó ní òun máa pè yín, ó ń wá bó ṣe máa sọ ọ́. Kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé nǹkan wà tí òun dáwọ́ lé tí kò ṣeé ṣe. Ibẹ̀ ló wà tí àìsàn fi dé."

Vernell kò lè bínú sí òkú. Ó ní, "Jerusha, bí mo bá wá lọ́la, ṣé o lè bá mi dúró?"

"Kí n bá yín dúró? Mọ́tò òkú gan-an ni màá gbé wá! Mọ́tò tó gbé bàbá yín ni màá gbé síwájú kóòtù, kí adájọ́ jáde wá wo ẹni tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ lé lọ́jọ́ náà!" Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ó rọ ohùn rẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo ló máa béèrè, Sisita Vernell. Iná. Dẹ́rẹ́bà wa ló tan iná gbogbo mọ́tò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, torí pé Dádì fẹ́ràn kó rí wọn lórí ìlà bẹ́ẹ̀. Ó sì ní nígbà tá a jáde, òun rí mọ́tò kan tí tiẹ̀ ti kú."

"Kì í ṣe tèmi. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ tan tèmi. Ọwọ́ mi ló wà lórí ẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bọ̀."

Nígbà tí Vernell gbójú sókè, Lavelle kò sí níbi fèrèsé mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Sisita Dot ṣí ẹnu láti sọ nǹkan, Màmá Oralee sì na ṣíbí igi sí i ní àmì pé kó pa á dé.

Vernell bá ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé níbi tó jókòó sí, tó ń wo mọ́tò wọn tó wà lábẹ́ igi.

"Bátìrì yẹn ò dáa nígbà yẹn," Lavelle wí, kò wo ojú rẹ̀. "O rántí? Gbogbo ọ̀nà la fi ń gbàdúrà kó gbé wa débẹ̀. Oníwàásù mẹ́rin ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, Vernell. Ooru ń mú. Mo jáde láti gba atẹ́gùn, mo rí iná mọ́tò tó ń jó lásán, ẹ́ńjìnì ò sì ṣiṣẹ́. Mo ní bó bá kú síbí, kí la fẹ́ fi sìnkú? Mo pa á. Mo ní bá a bá ti ń jáde, màá tàn án."

Vernell yíjú sí mọ́tò náà.

"Wọ́n bá ní kí n wá gbé pósí. Èmi ni mo wà lápá òsì, níwájú. Bí mo ṣe gbé bàbá wọnú mọ́tò, gbogbo ẹ̀ fò lọ lọ́kàn mi. Ìgbà tí ọlọ́pàá yẹn sọ ọ́ ni mo tó rántí."

"O jókòó sẹ́yìn mi."

"Mo jókòó sẹ́yìn ẹ."

"Mò ń búra. Màmá ń búra."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ti di ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Lavelle kì í tilẹ̀ ṣe irọ́, dídákẹ́ ni ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ ẹ́ níkùn láti ìgbà náà. Vernell dúró lórí rẹ̀. Ó fẹ́ gbá a létí. Ó tún rí i lójú inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀ lábẹ́ pósí, tí òógùn bò ó lójú, tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí mọ́tò. Ó yí padà, ó wọlé, ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn ró gbàà lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ilé ìdáná, ó gé kéèkì ara rẹ̀ láìdúró de orin, ó sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn ti gbọ́.

Sisita Dot ni kò lè gbà á mọ́ra. "Á jẹ́ pé ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Iná ò tàn. Wàá sanwó náà nìyẹn, àbí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Vernell gbé àwo kéèkì sílẹ̀. "Mò ń lọ. Màá sọ fún adájọ́ pé iná ò tàn. Màá sọ fún un pé mo búra, mi ò sì mọ̀. Màá tún sọ fún un pé bàbá mi ló wà níwájú, tí ẹnikẹ́ni tó lójú sì rí i. Bó bá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán tó ṣì ní mo jẹ̀bi, kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ sí mi lójú. Màá sanwó ẹ̀ níbẹ̀. Èmi ò ní bá a sọ ọ́ lórí fóònù nínú ilé ìdáná ìyá mi."

"Àmín," Màmá Oralee wí. "Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹnu ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Bá mi wá páálí bàtà, Dot."

"Páálí bàtà ṣe kí ni?"

"Adìẹ ni màá dì sí i. Ṣé ebi ni kó pa wá dé Alabama?"

"Wá? Màmá, ẹ̀yin náà?"

"Èmi kọ́ ni mo ni òkú ni?"

Nígbà tí Màmá Oralee wà ní ọmọdé, kò sí ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà Gúúsù tó ń ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn dúdú. Inú páálí bàtà ni ìyá rẹ̀ ti ń di adìẹ díndín, ẹyin àti búrẹ́dì fún wọn. Lónìí ilé oúnjẹ wà ní gbogbo ìyànà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín síni. Ìyá àgbà náà ní inú òun kò tíì yọ́ sí wọn. Ó fi bébà tẹ́ inú páálí, ó to adìẹ sí i, ó gé kéèkì tó kù sí ẹ̀gbẹ́, ó lọ wọ aṣọ dúdú rẹ̀ àti fìlà tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ẹni tí yóò wa mọ́tò ni kò tíì sí. Láísẹ́ǹsì Vernell yóò kú lóru òní kí ọ̀nà tó tán, Alabama kò sì fẹ́ kí ó wakọ̀. Sisita Dot ń wo ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, òun fúnra rẹ̀ a sì máa sọ bẹ́ẹ̀.

Lavelle wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kúrò lára ìṣó ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Gbogbo àdúgbò ló mọ bí Lavelle ṣe ń wakọ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ yà á sílẹ̀ lẹ́bàá ilé ìwé. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà gbọọrọ máa ń já a láyà, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti fẹ́ra wọn, Vernell ló ń wakọ̀, òun ló ń jókòó tì í.

"Màá wà wá lọ," ó wí.

"Ìwọ?" Vernell wí. "Títí Alabama?"

"Títí Alabama. Màá sì sọ fún adájọ́ náà ẹni tó pa iná."

"Wàá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn?"

"Lójú gbogbo èèyàn."

Vernell wò ó títí. Kò tíì dárí jì í, ìyẹn yóò gba àkókò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju páálí bàtà sí i lọ́wọ́. "Gbé oúnjẹ Màmá. Bó o bá sì tún wakọ̀ bí ẹni tó ń kó ẹyin, Ọlọ́run gbọ́, màá bọ́ sílẹ̀, màá máa tì í."

Màmá Oralee jókòó sẹ́yìn, páálí bàtà lórí itan. Vernell ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ibi tí kì í jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wá ohun tí yóò tẹ̀ nílẹ̀ tí kò rí i. Oòrùn wà ní àárín orí. Lavelle di bẹ́líìtì mọ́ra, ó fa àga síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí ọkọ̀ mú pẹ́kípẹ́kí. Ó jí ẹ́ńjìnì. Ó nawọ́ síwájú, ó tan iná iwájú.

Wọ́n rọra jáde sí títì, wọ́n sì ń kọjá níwájú ilé Sisita Dot tó dúró lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń juwọ́. Ó juwọ́, ó dúró, ó wo iwájú mọ́tò, ó bá sáré sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú bàtà inú ilé lẹ́sẹ̀.

"Lavelle! Lavelle! Iná mọ́tò yín ń jó o! Ọ̀sán gangan! Bátìrì yín á kú o!"

Lavelle wo ìyàwó rẹ̀. Vernell sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, ó yọ orí síta.

"Ẹ jẹ́ kó kú, Sisita Dot," ó wí.

Wọ́n yà sí ọ̀nà Gúúsù. Kò sẹ́ni tó pa iná náà.